Kọnkéré tó dì àmọ́ tí kò tíì lágbára: àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ Willow Island, 1978

Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá díẹ̀ ni, ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin ọdún 1978. Ní Willow Island, létí odò Ohio ní ìpínlẹ̀ West Virginia ní Amẹ́ríkà, òṣìṣẹ́ 51 wà lórí síkáfóòlù tí wọ́n so yí orí ilé gogoro kan ká. Kọnkéré ni wọ́n fi ń kọ́ ilé náà, ó sì ti ga tó ẹsẹ̀ bàtà 166, bíi mítà 51. Búkẹ́ẹ̀tì kẹta nínú kọnkéré ọjọ́ náà ń gòkè bọ̀ nígbà tí okùn irin tó ń fà á ṣàdédé dẹ̀. Kíréènì orí ògiri tó ń gbé e dorí kọ inú ilé. Láti ibi tó ti kúrò ni ògiri ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya, ó ń ya lọ sápá òsì àti sápá ọ̀tún títí yíya méjèèjì fi pàdé ní òdìkejì. Kọnkéré, pákó, irin àti ènìyàn, gbogbo rẹ̀ ló rọ́ sínú ihò àárín ilé. Àwọn 51 náà kú, kò ku ẹnì kan.

Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ agbègbè náà, àwọn mìíràn sì jẹ́ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò àti àna ara wọn, nítorí pé ibi tí iṣẹ́ tó lówó lórí bá ti ṣí ni ẹni tó kọ́kọ́ débẹ̀ ti máa ń ránṣẹ́ pe ará ilé rẹ̀. Títí dòní ni wọ́n ń kà á mọ́ àwọn ìjàǹbá iṣẹ́ ìkọ́lé tó burú jù lọ nínú ìtàn Amẹ́ríkà. Ìjì kọ́ ló fà á. Ilẹ̀ kò mì. Irin kankan kò jẹrà. Kọnkéré tí kò tíì pé ọjọ́ kan ni wọ́n gbé ẹrù lé, ìyẹn ló sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kan gbogbo ẹni tó bá ti da dẹ́kìn rí, ìbáà jẹ́ ní Ìbàdàn tàbí ní Pọ́tònóvò.

Ilé iṣẹ́ amúnáwá tí wọ́n ń pè ní Pleasants ni wọ́n ń kọ́ síbẹ̀. Èédú ni yóò máa jó, omi gbígbóná tó bá sì ti inú ẹ̀rọ jáde ni ilé gogoro náà yóò máa mú tutù kí ó tó padà sínú ẹ̀rọ. Ilé gogoro méjì ni wọ́n fẹ́ kọ́. Ìkíní ti parí, ó dúró ṣánṣán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkejì tó wó. Ìrísí wọn rí bákan náà: wọ́n fẹ̀ nísàlẹ̀, wọ́n sún nínú bí wọ́n ṣe ń ga, òfìfo ni inú wọn, ògiri wọn kò sì nípọn rárá tí a bá fi wé gíga wọn. Pé ìkíní parí láìsí wàhálà ṣe pàtàkì nínú ìtàn yìí, nítorí kò sí ohun tó ń mú ọkàn ẹni balẹ̀ lórí iṣẹ́ tó ọ̀nà tí a ti gbà ṣe é rí tó sì yọrí.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é nìyí. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń da ipele kan tí gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 5 yí ilé náà ká. Síkáfóòlù tí wọ́n dúró lé kò tilẹ̀ láti ìsàlẹ̀ wá. Ara ògiri fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi bóòtù so ó mọ́, òun àti pákó tí wọ́n fi ń dá kọnkéré dúró àti kíréènì kéékèèké tó ń fa búkẹ́ẹ̀tì láti àárín ilé. Bí ipele tuntun bá ti dì, gbogbo rẹ̀ á gun òkè lọ́jọ́ kejì, wọ́n á so ó mọ́ ibi tí wọ́n dà lánàá, wọ́n á sì tún bẹ̀rẹ̀. Ká sọ ọ́ ní ṣókí, kọnkéré àná ló ń gbé òṣìṣẹ́ òní. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin ni wọ́n da ipele 28. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ti ń da ipele 29. Kò tó wákàtí 24 láàárín méjèèjì.

Ọgbọ́n ńlá wà nínú ọ̀nà yìí, n kò ní bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ẹ wo iye igi àti irin tí ìbá lọ sí i bí wọ́n bá ní kí síkáfóòlù ti ilẹ̀ gun ibi gíga bẹ́ẹ̀! Àbùkù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé kò fi àyè sílẹ̀ fún kọnkéré láti pẹ́. Ìwé iṣẹ́ ti kọ ọ́ pé ọjọ́ kan, ipele kan.

Àjọ OSHA, tó ń bójú tó ààbò àwọn òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ké sí National Bureau of Standards, àjọ ìjọba tó ti di NIST lónìí, pé kí wọ́n wá wádìí ohun tó wó ilé náà. Kíréènì ni ojú kọ́kọ́ máa ń lọ bá. Àwọn tó wà nílẹ̀ rí okùn tó dẹ̀, wọ́n rí kíréènì tó dorí kodò kí ògiri tó ya. Ẹni tó bá rí irú èyí yóò búra pé okùn ló já tàbí pé irin ló ṣẹ́. Àwọn olùwádìí ṣa àwọn ẹ̀yà náà jọ láti inú òkìtì àlàpà, wọ́n yẹ okùn wò, wọ́n yẹ síkáfóòlù àti àwọn ohun tó so ó mọ́ ògiri wò. Wọ́n yẹ ìpìlẹ̀ àti ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ wò pẹ̀lú. Ìpìlẹ̀ dúró ire. Àwọn irin tó ṣẹ́, wíwó ilé ló ṣẹ́ wọn, wọn kọ́ ni wọ́n wó ilé. Ohun tí ojú rí ni ìkẹyìn ọ̀rọ̀, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ wà nínú ògiri tí ẹnikẹ́ni kò wò. Kọnkéré ipele 28 ló kọ́kọ́ fọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ kíréènì náà, ìgbà tí ẹsẹ̀ yẹ̀ ni kíréènì dà, ìgbà tí kíréènì dà ni okùn dẹ̀.

Láti mọ ìdí tó fi fọ́, ó yẹ kí á mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú kọnkéré láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́. Èrò tó wọ́pọ̀ jù lẹ́nu àwọn ènìyàn wa ni pé ó ń gbẹ ni. Bó bá jẹ́ pé gbígbẹ ni, kọnkéré tí wọ́n dà sínú odò fún òpó afárá kò ní dì láéláé, bẹ́ẹ̀ sì ni ó ń dì, tó sì ń le koko. Omi kò kàn wà níbẹ̀ kí á lè rí kọnkéré rò. Omi àti sìmẹ́ǹtì ló ń para pọ̀ di nǹkan tuntun. Bí omi bá ti kan hóró sìmẹ́ǹtì, ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yòrò. Èròjà kan wà nínú rẹ̀ tó ní alumíníọ̀mù, òun ló yára jù. Bí kò bá jẹ́ ti jípísọ́ọ̀mù, òkúta rírọ̀ kan tí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ń lọ̀ díẹ̀ mọ́ ọn, ìṣẹ́jú mélòó kan ni gbogbo rẹ̀ ìbá fi gan mọ́ wa lọ́wọ́ nínú páànù. Jípísọ́ọ̀mù ń dá èyí dúró. Lẹ́yìn náà ni sìmẹ́ǹtì á dákẹ́ fún bíi wákàtí kan sí mẹ́ta. Àkókò ìdákẹ́jẹ́ yìí ni a fi ń rù ú, tí a fi ń dà á, tí a fi ń tẹ́ ẹ. Nígbà tó bá jí, silicate, èròjà mìíràn tó wà nínú rẹ̀, ló máa ń ṣe iṣẹ́ ńlá: yóò mú ooru jáde, yóò sì máa hu àwọn ohun wínníwínní tí ojú lásán kò lè rí, tí wọ́n ń kọ́ ara wọn lọ́wọ́ láàárín yanrìn àti òkúta. Bí wọ́n bá ti kọ́ ara wọn lọ́wọ́ tó, kọnkéré kò ní ṣàn mọ́. Ó ti dì. Àmọ́ agbára ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ ni, yóò sì máa pọ̀ sí i fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, kódà fún ọdún, bí omi bá ṣì wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀kọ tí a pọ́n sínú ewé, bó ṣe ń tutù ló ṣe ń dì. Ti kọnkéré yàtọ̀. Bí ó bá ṣe tutù tó ni iṣẹ́ inú rẹ̀ ń falẹ̀ tó. Àwọn oníṣẹ́ kọnkéré máa ń fi ojú díwọ̀n pé bí ooru bá dín ní ìwọ̀n 10 Celsius, àkókò tí yóò fi dì máa ń sún mọ́ ìlọ́po méjì. Òtútù kì í jí agbára rẹ̀ gbé, ó kàn ń dá a dúró ni, àyàfi bí omi inú rẹ̀ bá di yìnyín nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́. Ti Willow Island kò tilẹ̀ burú tó ti yìnyín. Ìgbà ìrúwé ni oṣù Kẹrin níbẹ̀, òru ṣì máa ń tutù, ọ̀sán sì máa ń móoru díẹ̀. Nínú bíi wákàtí 24 tó ṣáájú ìjàǹbá náà, bíi ìwọ̀n 10 Celsius péré ni ooru afẹ́fẹ́ tó yí ipele 28 ká. Kò sí ẹni tí yóò pe irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ eléwu. Aṣọ òtútù fẹ́ẹ́rẹ́ kan ti tó o.

Ibi tí mo fẹ́ dúró lé ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín kọnkéré tó dì àti kọnkéré tó lágbára, nítorí ibẹ̀ gan-an ni àwọn 51 náà bọ́ sí. Nínú yàrá ìdánwò, abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá sìmẹ́ǹtì ti ń dì. Abẹ́rẹ́ Vicat ni wọ́n ń pè é, mìlímítà 1 ni ìnípọn rẹ̀, wọ́n á jẹ́ kí ó rì sínú sìmẹ́ǹtì tí wọ́n po, wọ́n á wo ibi tó dé. Òṣùwọ̀n Amẹ́ríkà ní kí sìmẹ́ǹtì má bẹ̀rẹ̀ sí í dì kí ìṣẹ́jú 45 tó pé, kí òṣìṣẹ́ lè ráyè ṣiṣẹ́. Ní ti kọnkéré, wọ́n á jọ̀ ọ́ kúrò lára òkúta, wọ́n á máa ti ọ̀pá irin bọ inú èyí tó kù. Nígbà tí àtakò rẹ̀ bá dé 500 psi, ìyẹn pọ́ùn 500 lórí ínṣì onígun mẹ́rin kan, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í dì. Tó bá dé 4000, wọ́n á ní ó ti dì tán.

Ẹni tí kò bá mọ ìdí ọ̀rọ̀ lè rí 4000 yẹn kí inú rẹ̀ dùn. Àtakò tí ọ̀pá irin bá pàdé ni, agbára kọnkéré kọ́. Ní wákàtí tí kọnkéré bá dì tán báyìí, tí wọ́n bá mú un lọ fọ́ nínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ́ kúùbù, ìyẹn kọnkéré kékeré onígun mẹ́rin tí wọ́n dà fún ìdánwò, bíi 100 psi ni yóò gbà kí ó tó fọ́. Nígbà tí kò tíì ju 500 lọ lábẹ́ ọ̀pá, agbára rẹ̀ kò tilẹ̀ ṣeé wọ̀n. Nítorí náà, kọnkéré tí a sọ pé ó ti dì, pẹ̀lú ẹ̀rí yàrá ìdánwò, kò tíì lè ṣe ohunkóhun ju kí ó dá dúró láyè ara rẹ̀ lọ.

Ipele 28 ti fọ́ wẹ́wẹ́, wọn kò lè gé e lọ dán wò. Ohun tí àwọn olùwádìí ṣe ni pé wọ́n po irú kọnkéré kan náà, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ sínú irú òtútù tó wà níta lóru ọjọ́ náà. Ohun tí wọ́n rí ni pé agbára ipele 28 wà ní bíi 220 psi nígbà tí ilé wó. Nínú òṣùwọ̀n tí a ń lò lọ́dọ̀ wa, newton 1.5 lórí mìlímítà onígun mẹ́rin kan nìyẹn. Dẹ́kìn ilé lásán tí ẹnjiníà yà sórí bébà ní Naijíríà, 20 tàbí 25 ni ó máa ń béèrè. Kọnkéré ipele 28 ti dì dájúdájú. Ó ti kọjá ibi tí abẹ́rẹ́ ti ń sọ pé ó dì tán. Kò tíì dé ibi tí ó ti lè gbé kíréènì.

Ẹ jẹ́ kí á ro ohun tí àwọn tó wà lórí iṣẹ́ náà rí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Wọ́n rí ògiri tó ti funfun díẹ̀, tó le, tí èékánná kò lè họ. Ẹni tó bá gun un kò ní rí ipa bàtà rẹ̀. Èyí ni ìdánwò tí ó wọ́pọ̀ jù lágbàáyé, títí kan tilé wa: fọ́máànù, ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́, á gun orí dẹ́kìn láàárọ̀ ọjọ́ kejì, á fi gìgísẹ̀ lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, á ní ó ti le. Ẹ wo ìṣirò rẹ̀. Ènìyàn tó wúwo tó kílò 80, tó fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo dúró, ìtẹ̀ bàtà rẹ̀ kò tó newton 0.05 lórí mìlímítà onígun mẹ́rin. Ipele 28 tó ní 1.5 lágbára ju ìyẹn lọ ní ìlọ́po 30. Yóò yege ìdánwò bàtà láìsí àní-àní. Àmọ́ bóòtù kì í ṣe bàtà. Gbogbo ẹrù síkáfóòlù, kọnkéré tútù, kíréènì àti fífà tí okùn ń fà á sínú ilé ló ń kórajọ sí ojú kan kékeré tí bóòtù ti wọlé, ó sì ń tẹ ògiri tín-ín-rín náà sínú bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ nísàlẹ̀.

Lára ẹ̀sùn tí OSHA fi kan àwọn tó gba iṣẹ́ náà ni pé wọn kò dán agbára kọnkéré wò níbi iṣẹ́ kí wọ́n tó tú pákó kúrò lára rẹ̀. Wọ́n tún ní bóòtù kò pé níbi tó yẹ kí ó wà, wọ́n sì ní àtẹ̀gùn kan péré ló wà tí ènìyàn lè gbà sá. N kò rò pé àtẹ̀gùn mẹ́wàá ìbá ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà, nítorí bí ògiri ṣe ya kánkán. Ti ìdánwò ni mo rò pé ó wúwo jù. Bí ẹnì kan bá ti gbé kọnkéré tí wọ́n dà sínú agolo ní ọjọ́ 26 lọ fọ́ nínú ẹ̀rọ láago mẹ́fà àárọ̀, òǹkà tí yóò rí ì bá dá iṣẹ́ dúró di ọ̀sán tàbí di ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn tí tọ̀tún-tòsì fẹnu kò, dọ́là 85,500 ni owó ìtanràn tó kẹ́yìn ọ̀ràn náà. Ẹ pín in sí ọ̀nà 51 fúnra yín.

Èyí tó dùn mí jù ni pé kì í ṣe àkọ́kọ́. Ọdún márùn-ún ṣáájú, ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹta ọdún 1973, ilé alájà gíga kan tí wọ́n ń kọ́ ní Bailey's Crossroads ní ìpínlẹ̀ Virginia, tí wọ́n ń pè ní Skyline Plaza, wó láti òkè dé ilẹ̀. Ènìyàn 14 kú, 34 farapa. Àjà 24 ni wọ́n ń dà lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n yọ igi tó gbé àjà 23 ró. Ọjọ́ mẹ́rin ni kọnkéré náà, ọjọ́ mẹ́rin sì dún dáadáa létí. Àmọ́ ìwọ̀n 7 Celsius ni ooru afẹ́fẹ́ wà ní ìpíndọ́gba láàárín ọjọ́ mẹ́rin yẹn. National Bureau of Standards yìí kan náà ló wádìí rẹ̀, ibi kan náà ni ìwádìí náà sì yọrí sí: wọ́n gbé ẹrù lé kọnkéré tí kò tíì dàgbà.

Ohun tí ìṣẹ̀lẹ̀ méjèèjì ti àwọn onímọ̀ sí ni ìmọ̀ kan tó ti wà nílẹ̀ láti bíi 1949 sí 1951, nígbà tí àwọn olùwádìí ní Ìlú Gẹ̀ẹ́sì ń fi ooru omi gbígbóná tọ́jú kọnkéré kí ó lè yá. Wọ́n rí i pé wákàtí nìkan kọ́ ni kí a máa kà fún kọnkéré. Wákàtí pẹ̀lú ooru ni kí a sọ di púpọ̀. Bí a bá fi òdo Celsius ṣe ìbẹ̀rẹ̀ òǹkà, wákàtí 24 nínú ìwọ̀n 10 jẹ́ 240. Ní ọ̀sán Ìbàdàn tí ooru wà ní 30, wákàtí 8 péré ti kó 240 jọ. Ọjọ́ kan ní Willow Island kò ju láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ lọ lọ́dọ̀ wa, nínú ìṣirò kọnkéré. Ìṣirò yìí kò pé pérépéré, nítorí inú kọnkéré máa ń gbóná ju afẹ́fẹ́ tó wà níta lọ, àwọn mìíràn sì ti ṣe ìṣirò tó jinlẹ̀ ju èyí lọ lẹ́yìn náà. Àmọ́ ó sàn ju kàlẹ́ńdà lọ fíìfíì. Ní ọdún 1987, ASTM, ẹgbẹ́ tó ń gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà, sọ ọ́ di òṣùwọ̀n tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ C1074: wọ́n á sin wáyà sínú kọnkéré láti máa ka ooru rẹ̀, wọ́n á fi wé ohun tí wọ́n ti dán wò nílé, wọ́n á mọ agbára tó ní láìfọ́ ọ. Òfin OSHA náà sọ ọ́ ní kedere báyìí pé pákó kò gbọ̀dọ̀ kúrò lára kọnkéré títí agbára tó tó yóò fi wà lára rẹ̀.

Níhìn-ín, a kì í bẹ̀rù òtútù. Ooru ni tiwa, ọ̀tọ̀ sì ni ìyà tí òun ń fi jẹni. Kọnkéré tí wọ́n pò láago méjìlá ọ̀sán nínú oòrùn oṣù Kejì, tí àwọn alágbàṣe ń fi páànù rù gun òkè, lè ti máa gan kí ó tó dé ibi tí wọ́n ń dà á sí. Bíríkìlà á ní kí wọ́n bu omi sí i. Omi yẹn á jẹ́ kí ó rọ̀ lóòótọ́, àmọ́ àyè tí omi àjùlọ bá gbà nínú kọnkéré, ihò ni yóò di lẹ́yìn ọ̀la. Bí míkísà bá bàjẹ́ láàárín iṣẹ́, tí wọ́n tún un ṣe fún wákàtí mẹ́ta, apá tí wọ́n ti dà á ti dì, èyí tí wọ́n bá wá dà tì í kò ní wọnú rẹ̀ mọ́, ojú ibẹ̀ ni òjò yóò máa gbà jò lọ́jọ́ iwájú. Kọnkéré tó gbóná jù lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tún máa ń kéré lágbára ní ọjọ́ 28 ju èyí tó fara balẹ̀ dàgbà lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló kọ́kọ́ le. Nígbà ọyẹ́ ẹ̀wẹ̀, afẹ́fẹ́ gbígbẹ á fa omi ojú rẹ̀ lọ kí sìmẹ́ǹtì tó lò ó tán, ojú dẹ́kìn á sán. Ìdí nìyẹn tí bíbu omi lé e fún bí ọ̀sẹ̀ kan kì í ṣe àṣerégèé.

Àwọn ohun mìíràn wà tó ń yí àkókò dídì padà. Ṣúgà kékeré, tí kò tó ìdá kan nínú ìdá ọgọ́rùn-ún sìmẹ́ǹtì, lè dá dídì dúró fún ọ̀pọ̀ wákàtí tàbí kí ó bà á jẹ́ pátápátá. Nítorí náà, kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n fi gbé ohun mímu dídùn rí kò yẹ ní ohun tí a ó fi pọn omi kọnkéré. Calcium chloride, irú iyọ̀ kan, ní tirẹ̀ máa ń mú un yá, àmọ́ ó ń jẹ irin tó wà nínú rẹ̀. Irú sìmẹ́ǹtì náà sì ń bẹ níbẹ̀. Láti 2014 tí SON, àjọ tó ń bójú tó òṣùwọ̀n ọjà ní Naijíríà, ti sọ pé sìmẹ́ǹtì tí nọ́ńbà agbára rẹ̀ jẹ́ 32.5 wà fún rírẹ́ ògiri, kí a fi 42.5 da pílà, bíìmù àti dẹ́kìn, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti mọ̀ pé kí wọ́n wo nọ́ńbà ara àpò. Lẹ́tà tó tẹ̀ lé e ni wọn kì í wò. 42.5R gbọ́dọ̀ ti ní newton 20 lọ́jọ́ kejì nínú ìdánwò sìmẹ́ǹtì, 42.5N kò ju 10 tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 28, méjèèjì á dọ́gba lójú òṣùwọ̀n. Ní ọjọ́ kejì, ẹni tó bá yọ igi lábẹ́ èyí kejì bí ẹni tó yọ ọ́ lábẹ́ èkíní kò ṣe ohun kan náà.

Ọ̀rọ̀ igi yìí ló sún mọ́ Willow Island jù nílé wa. Káfíńtà fẹ́ gba pákó àti igi rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ mìíràn, onílé kò fẹ́ san owó ìyálò ọ̀sẹ̀ kan sí i, bíríkìlà sì fẹ́ mọ búlọ́ọ̀kù lé orí dẹ́kìn kí owó tó tún tán. Gbogbo wọn ló ń ka ọjọ́: 14, 21, 28. Òǹkà náà dára, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ ilé là, nítorí ooru ilẹ̀ wa ń ṣojú rere sí i. Ohun tí òǹkà ọjọ́ kò lè mọ̀ ni bí omi tí wọ́n bù sí i ṣe pọ̀ tó, irú àpò tí wọ́n já, àti bí wọ́n ṣe fi yanrìn rẹ́ ẹ jẹ.

Ilé iṣẹ́ Pleasants parí, ẹ̀rọ rẹ̀ àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1979, ìkejì ní 1980. Níbi iṣẹ́ tí wọ́n bá ń ṣe dáadáa lónìí, oríṣi kúùbù méjì ni wọ́n máa ń dà. Àkọ́kọ́ ń lọ sínú omi yàrá ìdánwò, níbi tí ooru rẹ̀ kò ti ń yí padà, òun ló ń sọ bóyá kọnkéré tí wọ́n gbé wá jẹ́ irú èyí tí wọ́n rà. Bó bá jẹ́ irú èyí nìkan ni wọ́n fọ́ ní Willow Island, èsì tó dára ni ìbá mú wá, nítorí kò sùn níta. Ìkejì ń wà lórí ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ́kìn, nínú oòrùn àti ìrì kan náà, lábẹ́ àpò ọ̀rinrin kan náà. Èyí tó sùn níta yìí ni kí wọ́n gbé lọ fọ́ kí káfíńtà tó fa igi àkọ́kọ́ yọ.